Irin Ojú Ọ̀run Tí Wọ́n Gbé Kúrò ní Greenland: Ṣé Wọ́n Rà Á Ni àbí Wọ́n Jí I?

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti New York. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bronx ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé. Láìpẹ́ yìí mo kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní Manhattan, a sì rí irin gìrìwò kan tí wọ́n ní ó já bọ́ láti ojú ọ̀run sí Greenland. Ọmọ mi ọkùnrin fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi ní Ìbàdàn, wọ́n ní ẹdùn àrá ni, kí n má jẹ́ kó tún dé ibẹ̀ mọ́. Ẹlòmíì sọ fún mi pé ohun tó bá ti òkè wá máa ń ní ìtànṣán olóró lára. Wọ́n tún ní àwọn ará ibẹ̀ fi irin náà ṣe ọ̀bẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní ìléru, wọn ò ní ewìrì. Báwo nìyẹn ṣe ṣeé ṣe? Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ní ṣe ni Peary tó gbé e wá jí i, ẹnì kejì ní ó rà á, pé àwọn tó ni ín kò tiẹ̀ lò ó mọ́. Èwo ni ká gbà? Ṣé kò yẹ kí wọ́n dá a padà, bí wọ́n ṣe ń dá àwọn ère Benin padà?”

Arábìnrin mi, mo kí yín, mo sì kí màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọkàn yín balẹ̀ lórí ọmọ yín. Kò sí ewu kankan níbẹ̀. Lóòótọ́, nígbà tí irin náà ṣì wà ní gbalasa òfuurufú, ìtànṣán oríṣiríṣi ló ń lù ú, ṣùgbọ́n ohun tí ìyẹn fi sílẹ̀ lára rẹ̀ kéré débi pé ẹ̀rọ tó mọ ohun kíkíní yẹ̀ wò nìkan ló lè rí i. Ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti irin ni iṣẹ́ mi, ọwọ́ lásán la sì máa ń fi mú ègé irú irin yìí. Bí ẹ bá rí wa tí a wọ ìbọ̀wọ́, irin là ń ṣọ́, kì í ṣe ọwọ́ wa, torí òógùn ọwọ́ máa ń jẹ́ kó dípẹtà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn fúnra rẹ̀ gbà kí àwọn èèyàn fọwọ́ kan èyí tó tóbi jù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà tún fọwọ́ kàn án bó bá wù ú.

Ní ti ọ̀rọ̀ màmá, mi ò ní bá àgbàlagbà jiyàn lórí ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹdùn àrá tí a mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, tí àwọn olóòṣà Ṣàngó ń tọ́jú, òkúta ni, ó ń dán, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú àáké. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ayé àtijọ́ sọ pé àáké òkúta ni, pé àwọn èèyàn tó wà kí irin tó dé ló fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ tí wọ́n sì lọ̀ ọ́. Èyí tí ẹ rí ní New York kì í ṣe òkúta rárá. Irin ni látòkè délẹ̀, nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì.

Níkẹ́ẹ̀lì yẹn wà lára ohun tó jẹ́ ká mọ ibi tó ti wá. Nǹkan bí 4.5 bílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí oòrùn àti àwọn ayé tó ń yí i ká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di odindi, àwọn ayé kéékèèké kan gbóná títí wọ́n fi yọ́. Irin inú wọn wúwo, ó sì rì lọ sí àárín gbùngbùn. Ibẹ̀ ló ti ń tutù díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé mílíọ̀nù ọdún kan lè kọjá kí ooru rẹ̀ tó fi ìwọ̀nba dígírí lọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ayé kéékèèké yẹn kọlu ara wọn, wọ́n fọ́, àfọ́kù wọn sì ń rìn kiri títí òmíràn fi já bọ́ sí ilẹ̀ wa. Bí a bá gé irú irin bẹ́ẹ̀, tí a lọ ojú rẹ̀ kó dán, tí a wá da ásíìdì tí kò le púpọ̀ sí i, àwọn ìlà gbọọrọ á yọ, wọ́n á gba inú ara wọn kọjá lọ́tùn-ún lósì. Ọkùnrin ará Vienna kan, Alois von Widmanstätten, rí i ní 1808, orúkọ rẹ̀ la sì ń pe àwọn ìlà náà títí dòní. Oríṣi irin méjì, tí níkẹ́ẹ̀lì pọ̀ nínú ọ̀kan ju èkejì lọ, ló yara wọn sọ́tọ̀ bí ohun gbogbo ṣe ń tutù. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè ṣe é, torí kò sí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kí n ti rí i tó, ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu nígbàkígbà tí àwọn ìlà yẹn bá ń yọ jáde.

Kì í kúkú ṣe gbogbo irin Greenland ló já bọ́ láti òkè. Ní 1870, Nordenskiöld, ará Sweden, rí àwọn irin ńláńlá ní erékùṣù Disko, tó wà ní gúúsù sí ibi tí à ń sọ yìí, ó sì rò pé ojú ọ̀run ni wọ́n ti wá. Ìwádìí fi hàn nígbà tó yá pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti jáde: òkúta yíyọ́ láti abẹ́ ilẹ̀ ló gba inú èédú kọjá, èédú náà sì yọ irin kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, kí irin wà lórí ilẹ̀ gbalaja nìkan kò tó láti fi sọ pé ọ̀run ló ti wá. Ti Cape York, ìyẹn ibi tí wọ́n ti gbé èyí tí ẹ rí ní New York, ni a fi níkẹ́ẹ̀lì àti àwọn ìlà yẹn mọ̀ dájú. Òun náà kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, nǹkan ńlá kan ló fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú sánmà kó tó balẹ̀. Èyí tí ọmọ yín fọwọ́ kàn, tí wọ́n ń pè ní Ahnighito, wúwo tó 31 tọ́ọ̀nù. Àwọn Inughuit, ìyẹn àwọn Inuit tó ń gbé ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Greenland, ń pe òun ní Àgọ́. Méjì tó kù nínú gbọ̀ngàn yẹn ni Obìnrin, tó wúwo tó nǹkan bí 3 tọ́ọ̀nù, àti Ajá, tó lé díẹ̀ ní 400 kílò. Ìtàn wọn sọ pé obìnrin kan, ajá rẹ̀ àti àgọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí kan jù sílẹ̀ láti òkè. Ní 1963, onímọ̀ ará Denmark kan, Vagn Buchwald, tún rí òmíràn tó tó 20 tọ́ọ̀nù, wọ́n pè é ní Ọkùnrin, Copenhagen ló sì wà báyìí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ló kàn, òun ló sì dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìbéèrè yín. Ẹ rò pé wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìléru kí wọ́n tó lè ṣe irin, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe ń ṣe é. Irin tó wà nínú ilẹ̀ tiwa ti wọnú òkúta, atẹ́gùn ọ́síjìn ti dì mọ́ ọn, iná èédú tí ewìrì ń fẹ́ ló sì lè tú u sílẹ̀. Ti Cape York kò nílò ìyẹn, irin pọ́ńbélé ni láti ọjọ́ tó ti balẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe máa ya díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, torí kò sí ayùn, kò sí igi tí wọ́n lè fi dáná, ibẹ̀ sì tutù débi pé igi kì í hù. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wá òkúta dúdú líle tí kì í fọ́ bọ̀rọ̀, èyí tí kò sí nítòsí irin náà, wọ́n fi ọkọ̀ tí ajá ń wọ́ lórí yìnyín rù ú wá, wọ́n sì ń fi lu irin náà títí bíńtín fi máa já. Wọ́n á tún lu bíńtín yẹn lásán, láìfi iná kàn án, títí á fi di pẹlẹbẹ bí owó kọ́bọ̀. Wọ́n á wá la eegun tàbí eyín ẹran inú òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á to àwọn pẹlẹbẹ náà tẹ̀ léra wọn sínú ibi tí wọ́n là. Ọ̀bẹ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ẹnu ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń pa ẹran inú òkun. Òkúta tí wọ́n fi ń lù ú pọ̀ débi pé wọ́n ṣe òkìtì yí Obìnrin ká, wọ́n sì ṣì wà ní Greenland títí di òní olónìí. Bí ẹ bá padà lọ, ẹ má fi gbogbo àkókò yín wo Ahnighito torí pé ó tóbi. Obìnrin ni kí ẹ wò dáadáa, òun ni wọ́n lò jù.

Kì í ṣe àdúgbò yẹn nìkan ló jàǹfààní rẹ̀. Ó ti lé ní 1,000 ọdún tí àwọn èèyàn ti ń lò ó, bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tí a mọ̀ sí Dorset, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí àwọn baba ńlá àwọn Inughuit tó dé. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ nítorí ìwádìí ti rí wẹ́wẹ́ irin yìí ní àwọn ibùgbé àtijọ́ ní Kánádà, tó jìnnà gan-an sí Cape York, níkẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ló sì tú àṣírí. Ohun tí wọ́n ń tà tí wọ́n ń rà káàkiri ni. Nígbà tí John Ross, ará Bìrìtìkó, dé ibẹ̀ ní 1818, ó bá ọ̀bẹ tó ní irin lẹ́nu lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní láti ara òkè irin kan làwọn ti ń rí i. Ross ò lè dé ibi tí irin náà wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ àwọn apẹja àbùùbùtán bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ń fi ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́ àti irin gba awọ lọ́wọ́ wọn. Bí irin àwọn oníṣòwò ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń dín lílu Obìnrin kù. Ohun tí ẹnì kejì níbi iṣẹ́ yín sọ nìyẹn, pé wọn ò lò ó mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ò bá lo ohun ìní rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a kì í torí ìyẹn sọ pé ó ti jọ̀wọ́ rẹ̀.

Robert Peary, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń wá ọ̀nà dé òpin ayé ní àríwá, dé ibẹ̀ ní May 1894. Ará ibẹ̀ kan ló mú un lọ. Nígbà tó rí Obìnrin, ó fi ọ̀bẹ kọ lẹ́tà P sí i lára, láti fi hàn pé òun lòún rí i. Ní 1895 ó gbé Obìnrin àti Ajá. Orí yìnyín tó léfòó lójú omi ni wọ́n gbé Obìnrin lé kí wọ́n tó fà á dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, yìnyín náà sì fọ́ kí wọ́n tó gbé e wọlé tán, okùn tí wọ́n ti so mọ́ ọn ló gbà á. Ahnighito ló fún wọn ní wàhálà jù. Wọ́n gbìyànjú ní 1896, wọn ò lè gbé e wọ ọkọ̀ kí yìnyín tó fẹ́ há wọn mọ́ ibẹ̀. Ní 1897 wọ́n padà lọ, wọ́n fi pákó ńláńlá ṣe afárá láti etí òkúta dé inú ọkọ̀ Hope, wọ́n to irin ojú ọ̀nà rélùwéè sórí rẹ̀, wọ́n sì tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin Peary, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, fọ́ ìgò wáìnì mọ́ ọn lára, orúkọ ọmọ náà, Ahnighito, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Irin náà tóbi débi pé kọ́ńpáàsì ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Matthew Henson, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára wọn. Òun ló gbọ́ èdè àwọn Inughuit dáadáa jùlọ nínú gbogbo wọn, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ yín mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn Inughuit fúnra wọn náà ló fa irin, wọ́n tì í, wọ́n wú u. Ọ̀pọ̀ ìtàn ló ń pa ìyẹn mọ́.

Ó ti wá kan èyí tó ká yín lára jù: ṣé ó rà á ni àbí ó jí i? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Kò sí ogun, kò sí ìbọn tí wọ́n nà sí ẹnikẹ́ni. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gba ìbọn, ọ̀bẹ, igi àti irinṣẹ́, ohun tó wúlò fún wọn gan-an sì ni. Ẹni tó bá ní wọn ò rí nǹkan kan gbà purọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni Peary sanwó fún. Nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti jókòó tì í tí ó sọ pé, “A ta irin yìí fún ọ.” Ta ni ì bá tiẹ̀ tà á? Kò ní olówó kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni tó bá nílò ọ̀bẹ ló ń lọ síbẹ̀. Peary tún kọ ìtàn kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Wọ́n sọ fún un pé nígbà kan rí, Obìnrin ní orí, àwọn kan sì gbé orí náà sórí ọkọ̀ ajá kí wọ́n lè máa lò ó nítòsí ilé wọn. Bí wọ́n ṣe ń lọ lórí òkun tó dì, yìnyín là, orí, ọkọ̀ àti ajá rì pátápátá, díẹ̀ ló kù kí àwọn èèyàn náà bá a lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn ò gbé ju bíńtín lọ kúrò níbẹ̀ mọ́. Èèwọ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Peary gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ tún wo irú àjọṣe tó wà láàárín wọn. Àwọn Inughuit ò tó 300 nígbà yẹn. Peary ló ń mú ìbọn wá, òun ló ń mú ọta rẹ̀ wá. Tí ọkùnrin kan bá ti fi ìbọn rọ́pò ọ̀kọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé rárá fún ẹni tí ọta wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kò sí ìjọba kan tó lè dá sí i pẹ̀lú. Denmark ń ṣàkóso gúúsù Greenland, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò tíì múlẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Nítorí náà, tí a bá lọ sílé ẹjọ́ lónìí pẹ̀lú òfin ìgbà yẹn, mi ò rò pé wọ́n á pe Peary ní olè. Ní 1909 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé san 40,000 dọ́là fún irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ ìyàwó Peary ni owó náà sì bọ́ sí. Kò sí ará Savissivik, abúlé tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti gbé irin náà, kan tó rí nínú rẹ̀. Ohun tó burú sí mi níbẹ̀ nìyẹn, ju ọ̀rọ̀ pé ó gbé irin lọ.

Ọkọ̀ Hope yẹn kan náà gbé èèyàn mẹ́fà. Àwọn onímọ̀ tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti sọ fún Peary pé kó mú Inughuit kan wá, ó sì mú mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n dé New York ní 1897, àwọn èèyàn ń rọ́ wá wò wọ́n. Láàárín oṣù mélòó kan, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti pa mẹ́rin. Ọ̀kan padà sílé. Ó wá ku Minik, ọmọkùnrin kékeré tí bàbá rẹ̀, Qisuk, wà lára àwọn tó kú. Wọ́n ṣe ìsìnkú lójú Minik, ṣùgbọ́n igi ni wọ́n fi awọ bò tí wọ́n sì sin, eegun bàbá rẹ̀ wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Nígbà tó dàgbà tó mọ̀, ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún òun ní òkú bàbá òun, wọn ò fún un. Ó padà sí Greenland ní 1909, ó tún èdè rẹ̀ kọ́, ó tún padà wá sí Amẹ́ríkà, àrùn gágá ọdún 1918 ló sì pa á ní New Hampshire. Ọdún 1993 ni wọ́n tó gbé eegun àwọn mẹ́rin náà lọ sin ní Qaanaaq, ìlú àwọn Inughuit ní Greenland. Mo mọ̀ pé ọmọdé ni àwọn ọmọ yín, ẹ̀yin lẹ máa mọ ìgbà tí wọ́n lè gbọ́ èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ ìtàn irin náà láìdárúkọ Minik, ààbọ̀ ìtàn ló sọ.

Lórí dídá a padà, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa ronú kan Benin. Ní 1897 yẹn gan-an, ní February, ni ọmọ ogun Bìrìtìkó jó ìlú Benin tí wọ́n sì kó ohun ààfin rẹ̀ lọ. Èmi ò kàn ní gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ti Benin, ogun ni, ohun tí ọwọ́ èèyàn ṣe fún ọba ni, ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì ní arọ́pò tó ń béèrè rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Dídá Ahnighito padà ní ìnira tirẹ̀: àwọn òpó tó gbé e dúró gba ìsàlẹ̀ ilé náà lọ fìdí sọlẹ̀ lórí àpáta, Savissivik sì jẹ́ abúlé tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 100. Irin tó wà níta nínú ọ̀rinrin òkun á máa dípẹtà tí kò bá sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Mo mọ̀ pé irú àwáwí yìí ni àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń fi dí ẹnu àwọn èèyàn, nítorí náà mi ò ní jẹ́ kó jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Obìnrin àti Ajá kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ òkun òde òní lè gbé wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Láàárín 1982 sí 2001, Denmark dá nǹkan bí 35,000 ohun ìṣẹ̀ǹbáyé padà fún Greenland, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì wà ní Nuuk, olú ìlú Greenland, àti ní Qaanaaq tó lè gbà wọ́n.

Ọ̀nà kẹta wà, inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn kan náà ló sì ti ṣẹlẹ̀. Irin ojú ọ̀run mìíràn wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Willamette, láti Oregon. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Grand Ronde ní tàwọn ni, ohun mímọ́ ni lójú wọn. Ní 2000, wọ́n fẹnu kò pé irin á wà ní New York, àwọn tó ni ín á sì máa wá lọ́dọọdún ṣe ètò ìjọsìn wọn níwájú rẹ̀. Kò pé, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí wọ́n má rí ẹnu sọ̀rọ̀ lọ. Tí wọ́n bá bi mí, èmi á ní kí Obìnrin padà sílé, torí ọwọ́ àwọn baba ńlá wọn ló wà lára rẹ̀, kí Ahnighito dúró lábẹ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, kí owó tó ń wọlé nítorí rẹ̀ sì kan ọ̀dọ̀ wọn. Ibi tí ìmọ̀ mi dé nìyẹn o. Mo lè sọ fún yín ohun tó wà nínú irin náà àti bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo máa sọ ohun tí àwọn Inughuit yóò fi ohun tiwọn ṣe. Ìjọba Denmark ti lé wọn kúrò ní ibùgbé wọn rí, ní 1953, nítorí ibùdó ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Thule, láìjẹ́ kí wọ́n rí ọ̀rọ̀ sọ. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó pinnu ibi tí irin yẹn máa wà, ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kí a ti kọ́kọ́ béèrè.